Okùn Bàbá Rájí àti Máàpù Mi Tó Rẹwà

Ọjọ́ tí mo fi ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ ní ilé iṣẹ́ wa gbá kùkùté igi, búrẹ́dì àti sàdíìnì ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí mo kọ sínú ìjábọ̀ mi nígbà náà ni pé ìjì líle ló gbé ọkọ̀ wa. Kò sí ìjì kankan. Omi adágún náà dákẹ́ bí ìjọ tó ń retí kí pásítọ̀ sọ pé "Àmín". Èmi ni mo tẹjú mọ́ sàdíìnì mi.

Iṣẹ́ mi ni wíwọn bí omi ṣe jìn tó. Lẹ́yìn ìlú Ntoum, nínú igbó Gabon, wọ́n mọ ògiri ńlá dí odò kan láàárín òkè méjì. Omi kún lẹ́yìn ògiri náà, ó di adágún, ó sì ń gba ihò kan lára ògiri lọ yí àwọn ẹ̀rọ tó ń fún Libreville níná. Ìdídò là ń pè é ní Yorùbá, àwọn ará ibí ń pè é ní bàráàjì. Tèmi ni kí n máa wọ ọkọ̀ lọ síwá sẹ́yìn lórí adágún náà, kí n mọ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, kí n sì yà á sórí bébà. Ẹni tó ń ya máàpù ìlú ń rí ohun tó ń yà. Èmi, ohun tí n kò lè fojú rí láéláé ni mo ń yà, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ omi wẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, láàárín àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mo ń ṣe jẹun. Díákónì kan bi mí léèrè lọ́jọ́ kan.

"Arákùnrin Sámúẹ́lì, iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe gan-an?"

"Mo ń wọn omi ni, sà."

"Ó dáa o. Ẹ bá mi mú omi tútù kéèsì méjì wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìpàdé àwọn àgbà wà."

Mo mú un lọ.

Ẹ̀rọ tí mo fọ́ yìí, ohùn ló ń rán lọ sísàlẹ̀ omi. Bí ohùn náà bá kan ilẹ̀, á padà wá bíi gbohùngbohùn, ẹ̀rọ á fi àkókò tí ó fi lọ tó fi bọ̀ ṣírò iye mítà, á sì fi abẹ́rẹ́ kan fa ìlà sórí bébà tó ń yí. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, ó dà bí àwo ọbẹ̀ kékeré. Àwo yìí ni mo fi gbá kùkùté. Wọn kò gé igi inú igbó náà kí wọ́n tó jẹ́ kí omi bò ó, nítorí náà àwọn igi ọjọ́un ṣì dúró lábẹ́ omi, wọ́n ń dúró de ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì.

Kò yẹ kó jẹ́ nǹkan ńlá. À bá kọ̀wé sí Faransé, wọn ì bá fi òmíràn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n gé owó séfà tí à ń ná níbí sí méjì ni. A sùn pẹ̀lú odindi, a jí pẹ̀lú ààbọ̀. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ló di ìlọ́po méjì kí a tó fọ ẹnu tán. Àwọn òyìnbó méjì tó jẹ́ ògbógi wa di ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ fún ìsinmi ráńpẹ́. Wọ́n kó àwọn àwòrán ara ògiri lọ sí ìsinmi náà.

Ọ̀gá wa, Màdáámù Róòsì, ọmọ Gabon ni. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń fi awò ojú rẹ̀ há irun, á sì máa wá a kiri. Ọ́fíìsì wa wà ní àdúgbò Glass ní Libreville, ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí òkun. Ó ka ìjábọ̀ mi tán, ó wo òkun, ó tún wò mí.

"Ìjì líle," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù."

"Sámúẹ́lì, n kò lówó àwo tuntun. Àwọn tó ni ìdídò sì fẹ́ kí a wọn ibẹ̀ kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni àwọn èèyàn fi ń wọn omi kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ?"

Mo mọ ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ìtìjú mú mi. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo ti jáde, mo ní ìwé ẹ̀rí tí mo fi gíláàsì bò.

"Okùn," ni mo wí.

"Lọ wá okùn."

Bàbá Rájí ni mo lọ bá. Òun ló ń wa ọkọ̀ wa, òun náà ló sì kàn án. Nàgó ni, ará Àjàṣẹ́ ní Benin, Mùsùlùmí tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ó ti bá àwọn ọkọ̀ tó ń wa yanrìn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà. Nàgó tirẹ̀ àti Yorùbá tèmi máa ń kọlu ara wọn lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n a máa ń dé ibi tí à ń lọ. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń pè mí ní Injiníà, n kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí èébú.

Inú rẹ̀ dùn jù nígbà tó gbọ́ pé àwo ti fọ́. Ó ra okùn funfun tó nípọn bí ìka, ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì, ó wá nà án láàárín igi máńgòrò méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò PK8, ó so òkúta mọ́ ọn.

"Okùn tí kò tíì mumi yó, irọ́ ni yóò máa pa," ni ó sọ fún mi.

Ní gbogbo mítà kan, ó so àkísà mọ́ ọn. Ní gbogbo mítà márùn-ún, ó so awọ, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n bí ojú kò bá tilẹ̀ rí i. Ó yọ́ òjé láti inú bátìrì mọ́tò àtijọ́, ó rọ ọ́ bí ọmọ odó, ó sì gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀. Inú ihò náà ló fi òrí dí.

"Bàbá, kí ni òrí ń ṣe níbẹ̀?"

"Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí yanrìn bá ni, wàá rí yanrìn. Bí ẹrẹ̀ bá ni, wàá rí ẹrẹ̀. Injiníà, ojú la fi ń wo òkè, òrí la fi ń wo ìsàlẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ti ya adágún yìí ní ọdún méjì ṣáájú, pẹ̀lú ẹ̀rọ, máàpù náà sì mọ́ dé ibi pé wọ́n fi férémù sí i. Àwọn ìlà rẹ̀ rọra ń yí bí irun tí wọ́n dì fún ìyàwó. Mo rò pé a kàn fẹ́ lọ fi okùn jẹ́rìí sí ohun tí mo ti mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè la débẹ̀. A ta wáyà láti etí bèbè kan sí èkejì kí a lè mọ ibi tí a dúró, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n láti òkè odò bọ̀ wá sísàlẹ̀. Bàbá Rájí á ju òjé sómi, á fi ọwọ́ méjèèjì gbọ́ ọ, á pe iye, èmi á kọ ọ́. Ní òkè odò, okùn àti máàpù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ìgbà tí a súnmọ́ ògiri, níwájú ihò tí omi ń gbà lọ sídìí ẹ̀rọ, ó pe iye kan tí mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá."

"Mẹ́sàn-án."

"Mẹ́rìnlá ni ẹ̀rọ mi sọ."

"Ẹ̀rọ rẹ dà?"

"Ó wà nílé."

"Ó dáa. Okùn mi wà níbí. Mẹ́sàn-án ni."

A jù ú lẹ́ẹ̀mẹfà. Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Mo ní okùn ti nà. A padà sí etí odò, mo tẹ́ téèpù irin sílẹ̀, mo wọn okùn náà láti àkísà dé àkísà. Kò yẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná. Bàbá Rájí jókòó lórí òkúta, ó ń fi igi họ ẹrẹ̀ dúdú kúrò lára òrí, kò bá mi jiyàn. Ìyẹn ló wá bí mi nínú jù.

Nígbà tí mo padà sí Glass, mo lọ yọ bébà ẹ̀rọ ti ọdún méjì sẹ́yìn jáde. Ní igun rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo ti kọ irú ohùn tí mo lò síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ohùn méjì. Ohùn tín-ín-rín máa ń padà bó bá ti kan ohunkóhun, ìbáà ṣe ewé, ẹ̀ka igi tàbí ẹrẹ̀ rírọ̀. Ohùn kíkẹ̀, tó wúwo bíi ti ìlù ńlá, máa ń gba inú ẹrẹ̀ rírọ̀ kọjá lọ kan ilẹ̀ líle. Ní ọdún náà, ohùn tín-ín-rín ń kan àwọn igi abẹ́ omi, ó ń ba bébà mi jẹ́, ó ń fà á ṣákaṣàka bí ìgbà tí adìyẹ tẹ yíǹkì. Mo yí i sí ohùn kíkẹ̀. Bébà mọ́. Máàpù rẹwà. Ẹrẹ̀ tó ti wá ga tó mítà márùn-ún báyìí ni mo sì fi ọwọ́ ara mi pa rẹ́ kúrò láyé.

Mo jókòó. Etí ìsàlẹ̀ ihò náà wà ní mítà mẹ́jọ sísàlẹ̀ omi. Nínú máàpù mi, mítà mẹ́fà ló wà láàárín etí yẹn àti ilẹ̀. Ní òtítọ́, mítà kan ló kù. Òjò ńlá kan, méjì, ẹrẹ̀ á wọnú ihò, á lọ jẹ ẹ̀rọ, ìlú á sì ṣókùnkùn. Àwọn tó ni ìdídò kò sì ní ṣe nǹkan kan, nítorí máàpù mi ti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Ní oṣù yẹn gan-an, wọ́n ti ní kí ayàwòrán méjì nínú wa máa lọ sílé. Mo lọ bá ìyàwó mi níbi iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní PK8. Ó ń to àjẹsára àwọn ọmọdé sínú fíríìjì bí mo ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un.

"Ta ló tún mọ̀?" ni ó bi mí.

"Èmi nìkan. Bàbá Rájí mọ iye, kò mọ ìdí rẹ̀. Mo lè sọ pé ẹrẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ní ọdún méjì, ta ló lè mọ̀?"

"Tí ẹ bá sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣé wọ́n máa gbà?"

"Wọ́n á ní okùn ló ṣìṣe. Ẹ̀rọ ni wọ́n gbà gbọ́, Ìyá Tóyìn. Àfi tí mo bá ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Èmi, mo túmọ̀ sí pé èmi ni."

Ó ti ilẹ̀kùn fíríìjì. "Bàbá Tóyìn, iná ta ni fíríìjì yìí ń lò?"

"Ti ìdídò."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn nìyẹn. Tí wọ́n bá lé yín, ẹ wá máa bá wa gbálẹ̀ níbí. Ẹ kò mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n a óò fara dà á."

Lọ́jọ́ kejì mo wọlé tọ Màdáámù Róòsì lọ. Mo ti há ọ̀rọ̀ ìṣáájú sórí, ẹsẹ Bíbélì kan wà nínú rẹ̀, mo sì ti túmọ̀ òwe méjì sí Faransé. N kò tíì dé orí òwe kìíní tó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Sámúẹ́lì, ṣé o pa èèyàn ni?"

"Rárá, Màdáámù. Máàpù ni."

Mo tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó fi ọwọ́ wá awò rẹ̀ kiri orí tábìlì títí ó fi rí i nínú irun.

"Ta ló fọwọ́ sí máàpù yìí?"

"Èmi ni."

"Lábẹ́ tìrẹ?"

Òun ló fọwọ́ síbẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Òmùgọ̀ méjì ni wá. Lọ sọ fún bàbá ọlọ́kọ̀ kó gbé okùn rẹ̀. À ń lọ."

Ọ̀gá ìdídò náà jẹ́ ọkùnrin gíga tí aṣọ funfun rẹ̀ máa ń mọ́ nínú igbó bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Séèfù, ìyẹn ọ̀gá ní Faransé, ni gbogbo èèyàn ń pè é. Máàpù mi wà nínú férémù lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. N kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

A sọ fún un pé kó ṣí ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ìlẹ̀kùn irin kan wà ní ìdí ògiri ìdídò. Bí wọ́n bá ṣí i, omi á ti ẹrẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n omi tó bá bá ibẹ̀ jáde kò ní fún ẹnikẹ́ni níná, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i kẹ́yìn.

"Ní àkókò yìí?" ni Séèfù wí. "Kí n da omi nù, kí n dín iná ìlú kù, nítorí okùn? Màdáámù, máàpù wà níbí. Ẹ wo bó ṣe dára tó."

"Ẹni tó yà á nìyí," ni Màdáámù wí, ó sì nàka sí mi. "Ó ní irọ́ ni."

Séèfù wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Mo tún ìtàn ohùn méjì sọ. Nígbà tí mo parí, kò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbà láti wọ ọkọ̀.

Níwájú ihò, ó ní òun fúnra òun lòun máa ju òjé. Bàbá Rájí gbé e fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Séèfù kò mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ́ kí òjé wọlé jù. Ó tú okùn sílẹ̀ pátá, òjé ri sínú ẹrẹ̀, ó há. Ó fà á, kò jáde. Ó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó tún fà á, lójijì ó tú, Séèfù fi ìdí jókòó sórí ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀, òjé náà sì bọ́ sí i láyà pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Séèfù," ni Bàbá Rájí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú Faransé rẹ̀ tó rí wúruwùru, "ìsàlẹ̀ ti gòkè wá kí yín."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọkùnrin náà wo àyà rẹ̀, ó fi ìka méjì mú ẹrẹ̀ náà, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dìde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jù ú," ni ó wí.

Ibi mọ́kànlá la wọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Òun ló ju gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, kò wo ojú mi, ó kàn ní kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ọkùnrin mẹ́rin ló di kẹ̀kẹ́ irin náà mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìpẹtà ti bò ó. Wọ́n fi ọ́ìlì sí i, wọ́n tì í, ó dún, ó yí ìdajì, ó tún yí. Ìlẹ̀kùn ṣí, a rí i pé ó ṣí, ṣùgbọ́n omi kò jáde. Ẹrẹ̀ ti dí ẹnu rẹ̀. A dúró lórí ògiri, à ń wo ihò gbígbẹ nísàlẹ̀. Màdáámù ń mu sìgá. Ètè Bàbá Rájí ń mì, ó ń gbàdúrà. Èmi náà ń gbàdúrà, n kò tilẹ̀ rántí ìjọ tí mo wà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká ní mo ti yà á bó ṣe rí ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọn ì bá ti ṣí i nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì kéré.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, nǹkan wú ikọ́ lábẹ́ wa. Ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kejì bí arúgbó tó ń jí. Omi tín-ín-rín kan yọ, ó dúdú bíi kọfí. Lẹ́yìn náà ògiri gbọ̀n, ẹrẹ̀ àti igi àti omi tú jáde papọ̀ pẹ̀lú ariwo tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Màdáámù Róòsì ju sìgá rẹ̀ nù, ó di mọ́ mi, ó sì yára fi mí sílẹ̀ nígbà tó rántí pé inú ṣì ń bí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni omi fi ṣàn. Iná ń lọ ó ń bọ̀ ní Libreville. Ní PK8, àwọn aládùúgbò mi jókòó síta, wọ́n ń ṣépè fún àwọn aláìníṣẹ́ tó wà ní bàráàjì. Mo bá wọn ṣépè. Kí n má baà yàtọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, a tún fi okùn wọ̀n ọ́n, a bá méjìlá níwájú ihò. Òjò rọ̀ ní ọdún náà bí ẹni ń gbẹ̀san. Omi adágún pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dúró, fíríìjì ìyàwó mi kò sì kú.

Mo dúró de lẹ́tà ìlélọ. Ohun tí Màdáámù fún mi ni bébà funfun ńlá kan. "Tún un yà," ni ó wí. "Kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé o tún un yà." Máàpù tuntun náà burẹ́wà. Ìlà rẹ̀ kò yí dáadáa, nítorí ibi tí okùn bá kàn nìkan la mọ̀. Séèfù wò ó títí. Ó ní, "Èyí kò dára lójú rárá." Ó yọ ti àtijọ́ kúrò nínú férémù, ó sì fi èyí sí i.

Àwo tuntun dé lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀. Láti ìgbà náà, ohùn méjèèjì ni mo ń lò, okùn sì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú. Bàbá Rájí padà sí Àjàṣẹ́ nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gba omi mọ́. A gbọ́ pé ó kú síbẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì, mo mú onímọ̀ ẹ̀rọ tó gba ipò mi lọ sí ìdídò náà. Ọmọbìnrin kan ni, ará Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Libreville ni wọ́n bí i sí, Faransé ló sì fi ń ronú. Ó dúró níwájú máàpù inú férémù, ó ń ka igun rẹ̀.

"Papá, ẹni tó wọ̀n ọ́n, orúkọ yín ni. Ẹni tó ṣàtúnṣe rẹ̀, orúkọ yín náà ni. Ṣé kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní kó bá mi gbé férémù náà sọ̀kalẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n fún wa láyè? Mo ní kò sẹ́ni tó fún wa. Mo yọ gíláàsì, mo mú bírò, mo sì kọ ìlà kan sí i lókè orúkọ mi: Ẹni tó rí i ni Rájí, ọlọ́kọ̀, ará Àjàṣẹ́.

A gbé e padà sára ògiri. Ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì, a kò sì tún un ṣe.